Òkúta Ṣàgámù tí òkòtó wà nínú rẹ̀, àti ìbéèrè ọmọ mi nípa Ádámù

Ìyá Tóbi, Ṣàgámù (ọjọ́ Àìkú, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Obì gbàǹja ni mò ń tà, n kò kàwé kọjá oníwèé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì.

Àbúrò ọkọ mi ń wa tírélà níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì. Ó mú òkúta kan wá fún Tóbi, ọmọ mi tó wà ní SS2. Òkúta náà kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú tí òjò kò tíì kàn. Tí ẹ bá yí i sódì, òkòtó kan wà nínú rẹ̀, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìkarahun ìgbín, ilà ara rẹ̀ ṣì pé, àfi ẹnu rẹ̀ tó ré díẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ obì gbìyànjú láti yọ ọ́. Kò yọ. Òun náà ti di òkúta.

Tóbi ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì àwọn sọ pé òkun ló wà níbi tí Ṣàgámù wà lónìí, pé ó ti lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún. Olùkọ́ yìí kan náà ló ń kọ́ wọn ní ẹfolúṣọ̀n, pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran. Nígbà tó di Sọ́ńdè sukúù àárọ̀ yìí, ọmọ náà béèrè bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá ti Ádámù mu, tíṣà ní kó jókòó, pé ẹ̀mí ayé ti ń wọ inú rẹ̀. Kò jẹun ọ̀sán. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo sì sè, èyí tí kì í kọ̀ láéláé. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní: "Màámi, nínú àwọn méjèèjì, ta ló ń purọ́ fún mi?"

N kò rí èsì fọ̀. Ṣé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ lè gba ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ nípa bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, àbí ó di dandan kó ju ọ̀kan nù? Òótọ́ ni mo fẹ́ o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí.

Pásítọ̀ Ìpẹ́rù (ọjọ́ Àìkú, aago 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Tóbi. Kò yẹ kí tíṣà yẹn pa ọmọ lẹ́nu mọ́, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òkòtó inú òkúta kò yà mí lẹ́nu rárá. Ìkún-omi ìgbà Nóà bo àwọn òkè gíga. Omi tó bo òkè, ṣé Ṣàgámù ni kò ní bò? Tí ẹ bá sì ka ọjọ́ orí àwọn baba láti orí Ádámù wá, ayé kò tíì ju bí 6,000 ọdún lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀bọ ló bí òun, ẹ bi í pé kí ló dé tí ọ̀bọ kò bí ènìyàn mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: tí Ádámù kò bá sí, kò sí ìṣubú. Tí kò bá sí ìṣubú, kí ni Jésù wá kú fún? Òpó tó gbé ilé dúró ni a fẹ́ fọwọ́ ara wa fà yọ yìí.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó (ọjọ́ Àìkú, aago 11 alẹ́)

Pásítọ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà ni mo sì máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Inú ilé méjèèjì ni mò ń gbé, kò sì sí ọjọ́ tí mo kó ẹrù kúrò nínú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wo òkúta yẹn dáadáa. Èyí tí wọ́n ń wà ní Ṣàgámù àti èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, òkúta kan náà ni. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun ló dì pọ̀ tó di òkúta. Òmíràn nínú wọn kéré débi pé àfi kéèyàn fi awò amúǹkan-tóbi wò ó. Gbogbo wa la ti rí ohun tí àgbàrá ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá: ẹrẹ̀, igi, ike, bàtà ẹsẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ á lọ́ mọ́ra. Ibi tí wọ́n gbẹ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele lórí ìpele ni, òkúta ìkarahun nísàlẹ̀, amọ̀ líle lórí rẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú ẹ̀dá tirẹ̀. Ibi tí òkun ti dúró pẹ́ títí ni ìkarahun ti ń balẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyẹn. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi ìgbà rẹ̀ sí àárín 66 sí 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ẹ lè bi mí pé ta ló wà níbẹ̀ tó kà á. Ẹ wo àbẹ́là. Tí a bá mọ iye tó ń jó ní wákàtí kan, tí a rí èyí tó kù àti èyí tó ti yọ́ sílẹ̀, a ó mọ ìgbà tí wọ́n tàn án, bí a kò tilẹ̀ sí nílé. Uranium, irin kan tó máa ń wà nínú òkúta, ń jó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń di òjé, ìdajì rẹ̀ á di òjé láàárín nǹkan bí 4.5 bílíọ̀nù ọdún, ooru kò lè mú un yára, òtútù kò lè dá a dúró. Ní 1956, Clair Patterson ará Amẹ́ríkà wọn òjé inú àwọn òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó rí i pé ayé yìí ti tó 4.55 bílíọ̀nù ọdún. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó tún un wọ̀n ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni.

Ní ti ọ̀bọ, Pásítọ̀, sáyẹ́ǹsì kò sọ pé ọ̀bọ inú igbó ló bí wa. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, baba ńlá kan náà ló bí wa, àmọ́ èmi kọ́ ni mo bí i, òun kọ́ ló sì bí mi. Bí a ṣe jẹ́ sí ìnàkí nìyẹn, nǹkan bí 6 sí 7 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ìdílé ti yà.

Bàbá mi kì í jẹ́ ká jẹ àgbàdo tó bá yọmọ jù lọ. Àjà ló ń so ó sí, lókè iná, kí èéfín lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀, òun ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́síkò, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n fi ẹ̀ṣà lórí ẹ̀ṣà sọ koríko kan tí hóró rẹ̀ kò ju bíi mẹ́wàá lọ di àgbàdo. Ohun tí Charles Darwin, onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n ará Íńgíláǹdì, gbé jáde ní 1859 kò ju èyí lọ: nínú igbó kò sí bàbá mi, ọ̀dá àti ebi àti àrùn ló ń ṣa irúgbìn.

Iye 6,000 ọdún tí ẹ sọ, inú Bíbélì kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Ireland, ló ṣírò rẹ̀ ní 1650, ó ní ọdún 4004 ṣáájú Olúwa wa ni a dá ayé. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ Àljíríà òní, tó kú ní ọdún 430, ti kọ ọ́ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ uranium pé àwọn ọjọ́ mẹ́fà yẹn kì í ṣe irú ọjọ́ tiwa. Ọjọ́ kẹrin ni oòrùn dé nínú Jẹ́nẹ́sísì. Kí ni wọ́n fi mọ alẹ́ yàtọ̀ sí òwúrọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́?

Ọmọ Awo, Òde Rẹ́mọ (ọjọ́ Ajé, aago 6 àárọ̀)

Ẹ jí ire. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ifẹ̀. Omi ló bo ohun gbogbo. Olódùmarè rán Ọbàtálá wá láti wá dá ilẹ̀, ẹmu mú un sùn lọ́nà, Odùduwà ló gba àpò, ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀, ó da erùpẹ̀ sórí omi, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án ká, ilẹ̀ sì fẹ̀. Omi kọ́kọ́ wà, ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ wo òkúta Ṣàgámù yẹn. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa ti sọ kí òyìnbó tó dé nìyẹn?

Àáfà Ìjẹ̀bú-Òde (ọjọ́ Ajé, aago 1 ọ̀sán)

As-salāmu ‘alaykum gbogbo ilé. Ní tiwa, ọjọ́ orí ayé kò dá ìjà sílẹ̀. Al-Kùránì sọ pé ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Ọlọ́run dà bí 1,000 ọdún nínú èyí tí ẹ ń kà, níbòmíràn ó sọ ti ọjọ́ tó tó 50,000 ọdún. Súrà Nuhu ní ìpele ìpele ni Ó dá wa. Nínú Súrà Al-Anbiyá, ẹsẹ 30, ọ̀run òun ilẹ̀ so pọ̀, Ó sì yà wọ́n, láti inú omi ni Ó sì ti dá gbogbo ohun abẹ̀mí. Al-Jahiz, òǹkọ̀wé ará Basra ní Ìráàkì, ti ń kọ̀wé nípa bí àwọn ẹranko ṣe ń jìjàkadì fún oúnjẹ ní nǹkan bí 1,100 ọdún ó lé sẹ́yìn.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti dúró ni Ádámù. Amọ̀ ni Ọlọ́run fi dá a, kò ní baba, kò ní ìyá. Àwọn onímọ̀ kan nínú wa gba ẹfolúṣọ̀n fún gbogbo ẹ̀dá yòókù, wọ́n yọ Ádámù sọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé ìgbàgbọ́ mi ni èyí, n kò rí i nínú awò.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó (ọjọ́ Ajé, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Àáfà, mo bọ̀wọ̀ fún gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn. Ọ̀pọ̀ kì í lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ ẹ̀yin àti Ọmọ Awo lórí ohun kan. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé ìwé wa tàbí Ifá wa ti mọ sáyẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀. Ẹni tó rí ewu yìí jù lọ ni Georges Lemaître, àlùfáà ìjọ Àgùdà ní Bẹ́ljíọ̀m. Òun ló kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i, àwọn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ ń jìnnà síra wọn. Nígbà tó di 1931 ó ní tí a bá fi èrò padà sẹ́yìn, a ó dé ibi tí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ ohun bíńtín kan. A ti wá mọ̀ báyìí pé ó ti tó nǹkan bí 13.8 bílíọ̀nù ọdún. Ní 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìmọ̀ yìí ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá. Inú Lemaître kò dùn. Àlùfáà ni, ó ń gbàdúrà lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò fẹ́ kí a so Ọlọ́run mọ́ ìṣirò tí òun ṣe. Ìṣirò lè yí padà lọ́la. Tí ó bá yí, kí ni ẹ fẹ́ ṣe sí Ọlọ́run tí ẹ so mọ́ ọn?

Ọmọ Awo, Òde Rẹ́mọ (ọjọ́ Ajé, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ó yé mi, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Bàbá tó kọ́ mi kò fìgbà kankan lo ìtàn yẹn láti fi kọ́ mi bí òkúta ṣe ń di òkúta. Ó fi kọ́ mi pé ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í mutí.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Ẹ ń wá ẹfolúṣọ̀n nínú òkúta, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá gba èsì jínótáìpù nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ìgbéyàwó. AS ni àwọn méjèèjì. Obìnrin náà ká ìwé yẹn sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó tún un ká títí kò fi ṣe é ká mọ́, ó wá dì í mú sínú ọwọ́. Ọkùnrin náà ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ló fi eléyìí sí wa lára?"

Ìbéèrè rẹ̀ ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. A tàbí S ni ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ẹni tó gba S lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, SS ni, òun ni fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Ẹni tó ní AS, ara rẹ̀ le, ibà ẹ̀fọn kì í sì lè tètè pa á ní kékeré bó ṣe ń pa ọmọ AA. Anthony Allison, dókítà tó dàgbà ní Kẹ́ńyà, ló fi èyí hàn ní 1954. Ẹ wá fojú inú wo ilẹ̀ wa yìí, igbó, omi, ẹ̀fọn, kò sí oògùn. Ibà á kó àwọn ọmọ AA kan lọ, fòníkú-fọ̀ladìde á kó àwọn SS lọ, AS á kù, wọn á dàgbà, wọn á bímọ. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ jókòó tó pinnu láti yí padà. Àwọn tí ibà kò lè pa ló bí wa. Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, tọpa S yìí lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó gbé ayé ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní AS.

Ẹ rí i pé ohun tí Tíṣà sọ nípa àgbàdo orí àjà ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Èmi fúnra mi, AS ni mí. Mò ń lọ sí ìsọ́ òru, mò ń kọrin, mo sì mọ̀ pé ibà ló ṣa àwọn baba mi. N kò bú ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Àwọn pásítọ̀ tó ń béèrè ìwé yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìrora. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìmọ̀ tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń sọ pé irọ́ ni ní ọjọ́ Àìkú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè (ọjọ́ Rú, aago 1 òru)

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n n kò lọ mọ́. Gbogbo yín ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ orí òkúta ló ń lé àwọn ọ̀dọ́ jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára mi. SS ni àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó kú. Tí Ọlọ́run bá fi ẹfolúṣọ̀n dá wa gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ, a jẹ́ pé ikú àwọn bí àbúrò mi ni Ó fi dá ẹ̀mí àwọn AS sí. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ìfẹ́ nìyẹn? Òkúta kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ibùsùn àbúrò mi ló lé mi jáde.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́ (ọjọ́ Rú, aago 6 àárọ̀)

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. N kò ní èsì, n kò sì ní ṣe bí ẹni tó ní. Mo ti di ọwọ́ irú wọn mú lóru. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ ni pé ìbéèrè yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Darwin, Jóòbù ti jókòó sínú eérú bi í. Kí Ọlọ́run, tàbí ẹnikẹ́ni tí o bá ń ké pè ní òru, tù ọ́ nínú.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rí (ọjọ́ Rú, aago 12 ọ̀sán)

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ wá sílé díẹ̀. Ìyá àgbà mi máa ń mú wa lọ síbi sàréè Bílíkísù Ṣùǹgbọ́. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn èèyàn, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì, ti ń wá. Wọ́n ní òun ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, òun ló sì ní kí wọ́n gbẹ́ Eredo, yàrà àti odi tó lé ní 150 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó fi 20 mítà ga níbòmíràn. Mo ti dúró nínú yàrà yẹn. Ògiri rẹ̀ tutù, ewédò bò ó, ohùn èèyàn kì í jáde.

Ìgbà Sólómọ́nì ti tó 3,000 ọdún. Eredo, àwọn tó gbẹ́lẹ̀ wò ó kò rí ẹ̀rí tó gbé e dé ìdajì ìyẹn. Nítorí náà, kò lè jẹ́ obìnrin ìgbà Sólómọ́nì ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀, ó dùn mí bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ṣùgbọ́n odi náà kò kúrú sí i. Ìjẹ̀bú ló gbẹ́ ẹ, ọwọ́ àti àdá àti agbọ̀n. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ lọ gbàdúrà fún ìyá àgbà mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè (ọjọ́ Rú, aago 12:20 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún àwọn ọmọ yín mọ́ pé ayaba Ṣébà ló gbẹ́ ẹ, àbí ẹ ṣì ń sọ ọ́?

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rí (ọjọ́ Rú, aago 12:45 ọ̀sán)

Mo ń sọ fún wọn pé ohun tí ìyá àgbà gbà gbọ́ nìyí, ohun tí àwọn tó gbẹ́lẹ̀ rí sì nìyí. N kò da méjèèjì pọ̀ mọ́.

Pásítọ̀ Ìpẹ́rù (ọjọ́ Bọ̀, aago 8 alẹ́)

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka gbogbo èyí, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ádámù, n kò tíì kúrò níbi tí mo wà. Pọ́ọ̀lù so ikú mọ́ Ádámù, n kò sì rí ẹni tó tú ìso yẹn fún mi níbí dé ibi tó tẹ́ mi lọ́rùn. Tíṣà, ẹ dá mi lóhùn lórí òkúta àti ọ̀bọ, ẹ kò dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí. Mo sọ̀rọ̀ nípa òkúta Tóbi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, n kò sì tíì fojú kàn án rí. Láti ọdún mélòó ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta yẹn kọjá, n kò yà rí. Ìyá Tóbi, Ìpẹ́rù kò jìnnà sí yín. Tí ẹ bá gbà, ẹ mú ọmọ náà wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú òkúta rẹ̀. N kò ní ní kó jókòó.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó (ọjọ́ Bọ̀, aago 9 alẹ́)

Ẹ jàre, Pásítọ̀. N kò dáhùn nítorí pé n kò tíì rí ìdáhùn tó dá mi lójú. Àwọn kan ní ikú ọkàn ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, torí òkòtó yẹn ti kú kí ènìyàn kankan tó ṣẹ̀. Mo fara mọ́ ọn ju òmíràn lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gún mi.

Ìyá Tóbi, Ṣàgámù (ọjọ́ Ẹtì, aago 10 alẹ́)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ní kí Tóbi kà á sókè fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ń ṣa obì bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ọmọ mi, mo ń rántí àbúrò rẹ nínú àdúrà mi, bí o kò tilẹ̀ fẹ́.

Mo wá dá a lóhùn. Mo ní kò sẹ́ni tó ń purọ́ fún un nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń sọ ohun tó wò, ọ̀kan ń sọ ohun tó ń bẹ̀rù kó má sọnù. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin ń kọ́?" Mo ní mo gbà pé òkun wà níbí, mo sì gbà pé Ọlọ́run wà níbí nígbà tí òkun wà níbí. Bó ṣe jẹ́, n kò mọ̀ ọ́n.

A ń lọ sí Ìpẹ́rù lọ́la. Ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ òkúta yẹn, ó fi ewé tí mo fi ń wé obì wé e. Ìbéèrè mẹ́rin ló kọ sínú ìwé fún Pásítọ̀. Mo yọjú wò ó: ìkẹrin ni pé ṣé òkòtó yẹn mọ̀ pé òun wà láàyè. Ó ní kí n má ṣì í kà.